Iná Pupa Alẹ́ Béárì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Eré àkọ́kọ́ ọdún yìí. Mo ti padà sínú àpótí mi lẹ́yìn àwọ̀n — àga kan, gíláàsì níwájú, bọ́tìnì kan lábẹ́ àtàǹpàkò. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn, gbogbo ilé hó. Rọ́bà ò wọlé, mi ò tẹ nǹkan kan. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ìgbà tí Karin ọmọ mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Kọfí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún mi, ó tán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí họ́kì bí mo ṣe ń rí i níbẹ̀ yẹn.

Awakùsà, ẹgbẹ́ họ́kì wa, borí. Líìgì kékeré ni tiwa lóòótọ́ — àwọn ọmọ tó ń retí kí ẹgbẹ́ ńlá pè wọ́n, àti àwọn àgbà tí ẹgbẹ́ ńlá ti dá padà. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ariwo ìlú Harlow Bay bí góòlù bá wọlé.

Reino ọkọ mi ló ń tọ́jú yìnyín, òun ló ń ran àwọ̀n. Ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ rèé. Ó ní bí líìgì bá ti parí, ẹja ló kù tí òun ń lọ pa. Mo ní kó kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ omi báàfù ṣe. Ó ní, "Lọ́la." Bàbá Lọ́la. Ohun tí mò ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, kò sì ní rí i.

Mànéjà tuntun dé. Brent. Eyín rẹ̀ funfun ju yìnyín lọ — Eléyín ni orúkọ tí mo sọ ọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀rọ ò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí báyìí?" Ìkíni àkọ́kọ́ nìyẹn o! Kò tilẹ̀ bi mí lórúkọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Àwọn Ẹfọ̀n nà wá nílé wọn ní Larkford. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń pe Thibodeau ní arúgbó. Tíbò, balógun wa, tó fi gbogbo eyín iwájú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú yìí! Bàbá ẹ̀ ni arúgbó.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kejìlá

Ọ̀la ni Alẹ́ Béárì. Mo ti rán béárì aláṣọ tèmi tán. Etí kan tóbi ju èkejì lọ — ojú ń rẹ̀ mí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò ní purọ́. Mo so ríbọ́nì funfun mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà ìgbéyàwó Karin. Àyọ́ọ̀nù jó igun rẹ̀ kan, mo yí i sẹ́yìn. Dolores ọ̀rẹ́ mi tó ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ló máa bá mi jù ú, torí òṣìṣẹ́ líìgì ò gbọdọ̀ ju nǹkan sórí yìnyín.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an kí wọ́n tó fi ariwo yí i mọ́ mi lórí.

Abala kejì. Àwa àti Larkford, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù. Ilé kún dẹ́nu. Béárì lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn ń retí góòlù wa àkọ́kọ́ kí wọ́n lè jù ú sórí yìnyín — bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, àwọn ọmọ tó wà ní ọsibítù la ń kó o fún. Tíbò gba rọ́bà lápá òsì. Ó tan ẹnìkan, ó tan èkejì, ó gbá a — nílẹ̀-nílẹ̀, kò ga ju bàtà lọ. Ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ kípà. Ó kọjá ìlà. MO RÍ I. Ó wọ inú àwọ̀n, ó tún gba ẹ̀yìn àwọ̀n jáde, ó sì kọlu pákó níwájú orúnkún mi, pàà! Mo tẹ bọ́tìnì.

Béárì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, ọ̀kan tó tóbi ju ẹni tó jù ú lọ. Rẹfirí ti na apá rẹ̀ méjèèjì pé kò wọlé, ṣùgbọ́n ta ló ń wo rẹfirí? Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, béárì ti bo gbogbo ilẹ̀, kò sí èyí tó kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n yọ àwọ̀n kúrò kí wọ́n lè fi ṣọ́bìrì kó béárì. Reino fa èyí tó wà níwájú mi lọ sẹ́nu géètì rẹ̀. Àkókò lọ títí. Nígbà tó dá a padà, rẹfirí wá sídìí gíláàsì mi. Mo sọ fún un pé ó wọlé, ó sì gba ẹ̀yìn jáde, àwọ̀n ló lu. Ó kúnlẹ̀. Ó fà á lókè, ó fà á nísàlẹ̀, ó tún fà á. Kò sí ihò. Ó wá wò mí bí ẹni tó ń wo ìyá àgbà tó ṣìnà ilé. "Màmá, ibo wá ló gbà jáde? Ẹ̀gbẹ́ òpó ló gbà kọjá." Ó padà sáàárín, ó ní kò sí góòlù.

Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ti tutù. Larkford gbá ọ̀kan wọlé ní abala kẹta, ó tán síbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹnìkan ké láti òkè: "Màmá Béárì, ẹ lọ ra awò o!" Gbogbo àtẹ̀gùn ló bú sẹ́rìn-ín.

Awò mi wà lójú mi. Mo rí i.

Nínú mọ́tò mo bi Reino, mo ní, Bàbá Karin, ìwọ lo ń ran àwọ̀n yẹn, ṣé kò lu? Ó ní ṣebí rẹfirí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ìwọ ni mò ń bi. Ó ní, "Fi sílẹ̀, Ìyá Karin." Mi ò fi sílẹ̀. Kí ló dé tí màá fi sílẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kejìlá

Reino ti gbé àwọ̀n yẹn kúrò, ó fi èyí tó wà nípamọ́ síbẹ̀. Ó ní irin rẹ̀ wọ́. Òun tó jẹ́ pé lọ́la ni gbogbo nǹkan! Ṣọ́bìrì àwọn ọmọ yẹn ló bà á jẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kejìlá

Mo lọ jẹun ní ṣọ́ọ̀bù Dolores bí mo ṣe máa ń ṣe. Béárì kan jókòó sórí àga mi nídìí káńtà. Wọ́n fi awò dúdú sí i lójú, wọ́n gbé ọ̀pá funfun lé e nítan. Gbogbo ilé sorí kọ́ sínú ọbẹ̀ wọn, èjìká wọn ń mì. Àgbà ọkùnrin! Bàbá ọlọ́mọ!

Mo wò ó dáadáa. Etí kan tóbi ju èkejì lọ. Béárì tèmi ni. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán fún ọmọ aláìsàn. Wọ́n tilẹ̀ ti bọ́ ríbọ́nì ọrùn rẹ̀ lọ.

Dolores búra pé òun kọ́. Ó ní láàárín àwọn béárì tí wọ́n kó wá ṣà ní ṣọ́ọ̀bù òun ni wọ́n ti rí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, láìní ríbọ́nì. Mo ní, ta ló sọ fún wọn pé tèmi ni? Ó ń nu káńtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àh, Verna, ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Àbí o ò mọ ẹ̀fẹ̀ mọ́ ni?"

Ẹ̀fẹ̀! Mi ò mu kọfí yẹn tán. Mo gbé béárì mi sábíyá, mo jáde. Mi ò ní padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kejìlá

Eléyín ránṣẹ́ pè mí. Kámẹ́rà ń bọ̀ lókè àwọ̀n, ẹnìkan á máa wò ó láti òkè, á máa tan iná. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ dáadáa, Màmá. Ẹ lọ sinmi." Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí? Ó fún mi ní ife. Ife kan báyìí, tí wọ́n ya àmì Awakùsà sí lára. Mo ní ó ṣeun. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí pé mo ní ó ṣeun.

Ó ní kí Reino já wáyà bọ́tìnì mi. Reino ní òun á já a lọ́la. Ìyẹn nìkan lọ́la tí mo fẹ́ràn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kejìlá

Karin pè láti Chicago. Ẹnìkan ti fi àwòrán béárì aláwò yẹn ránṣẹ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kìíní

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo ayé, mo jókòó lókè. Ooru àwọn èèyàn ti bo ojú kámẹ́rà wọn. Awakùsà gbá rọ́bà wọlé, gbangba, ẹni tó wà ní ìta gan-an rí i. Iná ò tàn. Mo dúró kí n gbọ́ ẹni tó máa pariwo pé kí kámẹ́rà lọ ra awò. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. "Ẹ̀rọ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀." Ẹ gbà mí o.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kìíní

Mo pàdé Tíbò níbi tó ti ń ra ẹyin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Màmá, mo rò pé rọ́bà yẹn wọlé." Mo ní kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí? Ó ní òun lòun gbá a, wọ́n á ní góòlù lòun ń wá. Àti pé ẹsẹ̀ kípà dí òun lójú. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n "mo rò" rẹ̀ yẹn ò wúlò fún mi. Kì í ṣe pé mo rò. Mo rí i.

Mo dé ilé, mo sọ fún Reino. Ó gbé ìwé ìròyìn bojú. "Fi sílẹ̀, Ìyá Karin." Mo ní bó bá tún sọ "fi sílẹ̀" fún mi, màá fi oúnjẹ rẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejì

A tún pàdánù. Àwa àti Larkford la wá ń jìjàkadì lórí àyè kan ṣoṣo tó kù kí wọ́n tó máa du ife. Ẹni orí rédíò ní ká ní kì í ṣe ti alẹ́ tí ìyá kan — ó ní ìyá kan! — tan iná ìtànkutàn tó mú kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tutù, ibi tí a wà kọ́ nìyí. Odindi ìgbà òtútù ni wọ́n fẹ́ gbé lé orí àtàǹpàkò mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan ní ìlú kejì. Wàrà màlúù kan náà ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Mo ń kọ èyí nínú mọ́tò, mi ò lè dúró di ilé.

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Bàbá Lọ́la — páì ẹran tó gbóná, bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó wà nídìí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá tó ń mú yìnyín dì. Mo ní kí n jókòó dè é. Àwọ̀n Alẹ́ Béárì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tó ní irin rẹ̀ wọ́. Mo wo irin. Kò wọ́. Mo fọwọ́ tọ́ ọ látòkè dé ilẹ̀, ó gún régé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ká tìmùtìmù funfun tí wọ́n fi ń bo ìdí rẹ̀ sókè. Okùn tó so àwọ̀n mọ́ irin ti já lábẹ́ ibẹ̀, ihò tó gba ọwọ́ mi méjèèjì. Wọ́n fa etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi ríbọ́nì so ó pa. Ríbọ́nì funfun. Igun kan jóná.

Mi ò sunkún. Mo gbé páì náà lọ, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Àbámẹ́ta ni ọjọ́ sáúnà wa. Láti ayé bàbá Reino, a kì í jà nínú ilé ooru yẹn. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́, á làágùn, á dákẹ́. Mo jà níbẹ̀ lónìí.

Mo kàn ní, "Ríbọ́nì Karin dà?" Ó ti mọ̀. Ó gbé korobá omi sílẹ̀, ó bo ojú. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni okùn já. Páìpù kan ń jò nídìí ẹ̀rọ, ó ní òun á kọ́kọ́ mójú tó ìyẹn, òun á ran àwọ̀n bó bá yá. Ó gbàgbé. Ìgbà tí iná mi tàn ló rántí. Ó fa àwọ̀n dé géètì, béárì mù ún dé orúnkún, kò sí okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣáà rí béárì kan nílẹ̀ tí etí rẹ̀ tóbi.

Mo ní, "O dá a mọ̀? O mọ̀ pé tèmi ni?"

Ó ní, "Òun nìkan ni mo mọ̀ pé ríbọ́nì rẹ̀ máa tètè tú. Mo mọ bí o ṣe ń so nǹkan."

Mo ní ká ní o fi ihò yẹn sílẹ̀, rẹfirí á rí i, góòlù á jẹ́ góòlù, béárì á jẹ́ béárì. Ó ní òun ò ronú góòlù rárá. Ó ní, "Ìtìjú ni mo rò, Verna. Ọdún tí mò ń fẹ̀yìn tì, kí wọ́n wá máa sọ pé àwọ̀n Reino lu."

"O ro ìtìjú tìrẹ. Tèmi ńkọ́?"

Gbogbo "fi sílẹ̀, fi sílẹ̀" yẹn! Mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó rí béárì aláwò yẹn lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi láràárọ̀, ó ń mu kọfí rẹ̀ níwájú rẹ̀!

Mo sọ fún un. Ọjọ́ eré tó kẹ́yìn, wọ́n máa pè é sáàárín yìnyín láti yẹ́ ẹ sí, wọ́n máa fún un ní makirofóònù. Kó sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ó ní òun á sọ ọ́. Mo ní, "Kì í ṣe lọ́la o."

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Yàrá Karin ni mo ń sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹta

Ó ń bá dígí sọ̀rọ̀ nínú báàfù, ó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo wo béárì, àánú náà lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Ó sọ ọ́ o. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú.

Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sórí yìnyín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá ìpẹja tuntun fún un. Ó gba makirofóònù. Ó ní góòlù Alẹ́ Béárì yẹn wọlé. Ó ní àwọ̀n òun ló lu, òun lòun fi ríbọ́nì so ó nígbà tí wọ́n ń kó béárì, kí rẹfirí má bàa rí i. Ó ní, "Verna ò ṣìnà. Verna nìkan ló rí i." Mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ amúlétutù.

Mo ní, ó dáa. Ó kàn wọ́n báyìí. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ń dúró dè wọ́n.

Ẹnìkan pàtẹ́wọ́. Òmíràn gbà á. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti dìde. "Rei-no! Rei-no!" Eléyín fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní irú ọkùnrin olóòótọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Olóòótọ́! Àwọn ọmọ Awakùsà ń fi igi gbá yìnyín láti yẹ́ ẹ sí. Tíbò nìkan ló gbójú sókè wá ibi tí mo wà, ó fọwọ́ kan àṣíborí rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí nu omijé nù, ó dì mọ́ mi. "Háà, Verna, o mà lọ́kọ rere o!"

A borí. Larkford náà borí níbi tí wọ́n wà. Póńtì kan ni wọ́n fi jù wá, ọdún wa parí síbẹ̀. Póńtì kan! Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ fún un. Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. "Má dà á rò, Reino, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni." Ẹni tó ní kí n lọ ra awò — mo mọ ohùn rẹ̀ — òun ló ra bíà fún un. Dolores rí mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Ó tán, àbí? Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí?" Kò sẹ́ni tó ní Verna, a ṣẹ̀ ọ́. Ẹnìkan ṣoṣo, kò sí.

Mo sọ̀kalẹ̀. Wọn ò ti ilẹ̀kùn àpótí mi. Eruku wà lórí àga. Bọ́tìnì mi wà níbẹ̀, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ní kó já wáyà rẹ̀.

Reino wà láàárín yìnyín pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ihò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ríbọ́nì. Mo jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́.

Iná pupa tàn lórí àwọ̀n. Gbogbo wọn yíjú. Reino ló kọ́kọ́ ṣí fìlà. Mo sọ ọ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì, mi ò pariwo, "Ó wọlé." Ẹnìkan tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu gbogbo wọn.